Michigan àti Ohio State: Ìdí tí ìdíje ọjọ́ kan ṣoṣo fi ń wúwo ju ife-ẹ̀yẹ lọ

Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù Kọkànlá, iṣẹ́ máa ń dúró ní ìlú méjì kan. Àkọ́kọ́ ni Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan, èkejì ni Columbus, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ohio. Bí ẹ bá ní ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ pè é lọ́jọ́ yẹn láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ ti Nàìjíríà, kó má gbé fóònù. Bọ́ọ̀lù ló ń wò. Yunifásítì Michigan ló ń bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, tí gbogbo ayé ń pè ní Ohio State, figagbága. Aago méjìlá ọ̀sán ti ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Báwo ni bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kó èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún jọ sójú kan? Kí ló dé tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti kúrò níléèwé látọjọ́ pípẹ́ fi ń sunkún lórí rẹ̀? Èyí tó tún wá rújú jù lọ ni pé Ohio State gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní ọdún 2025, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn ń sọ pé sáà náà ní àbùkù, torí pé Michigan nà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ bíi méje ṣáájú. Mo fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdíje yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí ẹnìkan bá sọ pé eré ọmọ iléèwé lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn gbọọrọ, orí rẹ̀ méjèèjì sì rí ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú síra wọn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a. Èèyàn mọ́kànlá ló ń dojú kọ mọ́kànlá, pápá náà sì gùn ní 100 yáàdì láti ilé kan dé ìkejì. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi gbìyànjú kó lè sún bọ́ọ̀lù síwájú ní 10 yáàdì. Bó bá rí i ṣe, a tún fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò níbi tó bá wà. Ìdí nìyẹn tí ikọ̀ tí nǹkan kò bá rọ̀ṣọ̀mù fún fi máa ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà lẹ́ẹ̀kẹrin, kí alátakò lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò gba àmì 6, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní touchdown, wọ́n á sì fún un láǹfààní láti fi 1 tàbí 2 kún un. Bí wọ́n bá gbá a gba àárín òpó méjì tó wà lókè kọjá, àmì 3 ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, èsì bíi 42 sí 27 tàbí 13 sí 10 kò ní rújú sí yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì ló kàn. Àwọn yunifásítì Nàìjíríà náà ń ṣe eré ìdárayá. Ìdíje NUGA wà, àwọn ọmọ sì ń gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún kan ṣáájú nítorí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, inú yunifásítì ni bọ́ọ̀lù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1869 ni yunifásítì méjì kọ́kọ́ gbá a síra wọn, Rutgers àti Princeton. Líìgì àwọn tó ń gbowó, NFL, kò dé títí di 1920. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù fi máa di iṣẹ́ olówó oṣù, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ìlú ti ń fi ọkàn wọn fún yunifásítì tó wà lẹ́bàá wọn. Michigan ti ń gbá a láti 1879, Ohio State láti 1890. Lónìí, Columbus kò ní ikọ̀ NFL kankan. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ì báà jẹ́ awakọ̀ tàbí dókítà, Ohio State ni ikọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn kò gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì náà wọlé rí.

Èyí ló fà á tí pápá ìṣeré wọn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ti Michigan gba èèyàn 107,601, òun ló tóbi jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ti Ohio State gba 102,780. Àwọn ọmọ ogún ọdún, mọ́kànlélógún ọdún, ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lójú gbogbo èrò yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó iléèwé, oúnjẹ àti ibùgbé nìkan ni òfin gbà kí wọ́n fún wọn. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó, nígbà tó sì di 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì máa sanwó fún wọn tààrà. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é.

Ìjà ilẹ̀ tó ṣáájú bọ́ọ̀lù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìpínlẹ̀ méjèèjì fi ń wo ara wọn tìfuratìfura yóò ní láti padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1787 ní kí wọ́n fa ìlà láti ìsàlẹ̀ adágún ńlá Michigan lọ sí ìlà oòrùn, kí ó jẹ́ ààlà. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà náà kò tọ́: ó fi ìsàlẹ̀ adágún náà síbi tó jìnnà sí àríwá ju bó ṣe wà gan-an lọ. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ wá débẹ̀, ìlà méjì ni wọ́n fà, ọ̀kan lọ́dún 1817 tó bá ìfẹ́ Ohio mu, èkejì lọ́dún 1818 tó bá ti Michigan mu. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ìlà méjèèjì kò fẹ̀ ju máìlì márùn-ún sí mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n ìlú Toledo wà nínú rẹ̀, odò Maumee sì ń gba ibẹ̀ wọ adágún Erie. Ní àkókò tí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ọjà, ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi tọrẹ.

Ní 1835, Michigan kò tíì di ìpínlẹ̀. Stevens Mason tó ń ṣe gómìnà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún ọdún. Robert Lucas ni gómìnà Ohio, ó sì ju Mason lọ ní ìlọ́po méjì ọjọ́ orí. Àwọn méjèèjì kó ọmọ ogun lọ sí ààlà. Wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n mú ara wọn sí àtìmọ́lé, wọ́n sì bú ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ gbòógì nínú ogun náà ni ti igbákejì ṣẹ́ríìfù ọmọ Michigan kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré gún nígbà tó lọ mú èèyàn ní Toledo, ara rẹ̀ sì yá. Ààrẹ Andrew Jackson kò fẹ́ ṣẹ Ohio, torí ìbò pọ̀ níbẹ̀, ọdún ìdìbò sì ń bọ̀. Ó yọ Mason nípò. Ní ìparí 1836, Michigan gbà láti yọ̀ǹda Toledo, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ gbalasa kan ní òkè réré, ní ìkọjá omi, láti fi tu ú nínú. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1837 ni ó di ìpínlẹ̀. Inú àwọn ará Michigan kò dùn rárá nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí bàbà àti irin nínú ilẹ̀ òkè réré náà, tí ó sì sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀.

Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti sọ pé Toledo ló bí ìdíje bọ́ọ̀lù yìí. Mo rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí wọ́n ń jà sí ilẹ̀, kò tíì sí Ohio State. Ọdún 1870 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sì sí ọmọ tó ń wọ pápá lónìí tó ń ro Toledo. Ohun tí ogun náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí ọmọ Ohio àti ọmọ Michigan ti mọ́ra láti máa wo ara wọn bí ará ìhín àti ará ọ̀hún kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bọ́ọ̀lù ló wá fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lè máa yanjú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn kọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1897 ní Ann Arbor. Michigan gba 34, Ohio State gba òdo. Ìyà náà pẹ́. Ní 1902, 86 sí òdo ni Michigan fi nà wọ́n. Nínú ìdíje mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, Michigan borí nínú mẹ́tàlá, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, Ohio State kò rí ẹyọ kan gbà. Ọdún 1919 ni wọ́n tó kọ́kọ́ na Michigan, 13 sí 3. Ọdún méjìlélógún gbáko! Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ bá ń rí i pé ará Columbus ló máa ń le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò tí ẹ̀gbọ́n ti ń nà láti kékeré ni wọ́n.

Láti 1918, ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé, àfi 2020 tí àrùn Kòrónà dí wọn lọ́wọ́. Láti 1935 ni ó sì ti di àṣà pé ìdíje yìí ni wọ́n fi ń parí sáà. Ibi tí ìdíje yìí bọ́ sí nínú kàlẹ́ńdà ṣe pàtàkì gan-an, n ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ní 1934, kóòṣì Ohio State tuntun, Francis Schmidt, fi àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará Michigan fi ń wọ ṣòkòtò bíi ti gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì na Michigan ní 34 sí òdo. Láti ìgbà náà ni agbábọ́ọ̀lù Ohio State tó bá na Michigan ti ń gba ṣòkòtò kékeré kan tí wọ́n fi wúrà ṣe, tó kéré débi pé èèyàn lè so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn. Kò sí ikọ̀ mìíràn tí wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún pé wọ́n nà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò tún jẹ yọ.

Lẹ́yìn èyí ni 1950 dé. Yìnyín bo pápá Columbus mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù Kọkànlá, atẹ́gùn ń fẹ́, èèyàn kò rí ìlà ilẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà dànù nígbà gbogbo, wọ́n sì ń retí kí alátakò ṣìṣe: ẹ̀ẹ̀márùndínláàádọ́ta ni wọ́n gbá a bẹ́ẹ̀. Michigan kò jù bọ́ọ̀lù kan tí ẹnikẹ́ni tiwọn mú, wọn kò sì rí yáàdì mẹ́wàá sún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọ́n borí ní 9 sí 3. Kóòṣì Ohio State fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà dípò rẹ̀ ní 1951 ni Woody Hayes.

Woody àti Bo

Bí ẹ bá máa mọ orúkọ méjì péré nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ mọ ti Woody Hayes àti Bo Schembechler.

Hayes kì í fẹ́ dárúkọ Michigan rárá. “Ikọ̀ tó wà lókè àríwá yẹn” ni ó máa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Columbus ń pè wọ́n títí di òní. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé epo fẹ́ tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ti Michigan bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì búra pé òun yóò ti ọkọ̀ náà dé ààlà kí òun tó ra epo tí owó orí rẹ̀ máa bọ́ sápò Michigan. Ní 1968, ikọ̀ rẹ̀ ti na Michigan tán pátápátá, ìdíje ti fẹ́ parí, ó tún ní kí wọ́n gbìyànjú àmì 2 dípò 1 lẹ́yìn touchdown tó kẹ́yìn. Èsì náà jẹ́ 50 sí 14. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní torí pé òfin kò gba òun láyè láti wá 3 ni.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Michigan gba kóòṣì tuntun. Bo Schembechler ni, ọmọ Ohio ni. Hayes fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní yunifásítì kékeré kan ní Ohio, ó sì tún bá a ṣiṣẹ́ ní Columbus. Ó mọ ohun gbogbo tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe. Ohio State dé Ann Arbor ní oṣù Kọkànlá 1969 lẹ́yìn tí wọ́n ti borí nínú ìdíje 22 léraléra, ọ̀pọ̀ sì ń sọ pé ikọ̀ náà ló dára jù tí wọ́n tíì rí. Bo nà wọ́n, 24 sí 12. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọdún Mẹ́wàá ṣe bẹ̀rẹ̀, láti 1969 sí 1978. Nígbà tí ó parí, Bo borí nínú márùn-ún, Hayes nínú mẹ́rin, wọ́n ta ọ̀mì kan.

Ọ̀mì kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí inú rẹ̀ ni àlàyé gbogbo rẹ̀ wà.

Michigan àti Ohio State jọ wà nínú líìgì kan tí wọ́n ń pè ní Big Ten. Òfin líìgì náà nígbà yẹn ni pé ikọ̀ kan péré ló lè lọ gbá bọ́ọ̀lù mìíràn lẹ́yìn tí sáà bá parí, ìyẹn Rose Bowl tí wọ́n ń ṣe ní California ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ìkejì kò ní ibì kankan lọ, bó ti wù kó dára tó. Nítorí pé ìdíje Michigan àti Ohio State ló kẹ́yìn sáà, tí àwọn méjèèjì sì dára ju ìyókù lọ, ọjọ́ kan yẹn ló ń pinnu ẹni tó máa lọ àti ẹni tó máa jókòó sílé. Ní gbogbo ọdún mẹ́wàá ogun náà, ọ̀kan nínú wọn tàbí àwọn méjèèjì ló wà lórí téńté líìgì. Ẹni tó bá pàdánù kò ní ọ̀sẹ̀ mìíràn láti fi tún un ṣe. Yóò fi gbogbo ọdún gbé e mì.

Ní 1973, àwọn méjèèjì dé ọjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Wọ́n gbá a ní Ann Arbor, ó sì parí sí 10 sí 10. Kò sí àfikún àkókò nígbà náà. Ohio State ló lọ sí Rose Bowl lọ́dún tó ṣáájú, nítorí náà gbogbo èèyàn rò pé ó kan Michigan. Ṣùgbọ́n ìbò ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀: àwọn olùdarí eré ìdárayá yunifásítì mẹ́wàá tó wà nínú líìgì náà dìbò, mẹ́fà fi sí Ohio State, mẹ́rin fi sí Michigan. Egungun èjìká Dennis Franklin, ẹni tó ń darí eré Michigan, ti ṣẹ́ nínú ìdíje náà, àwọn kan sì gbà pé ìyẹn ni àwọn olùdìbò wò. Ohio State lọ, ó borí. Michigan tí ẹnikẹ́ni kò nà jókòó sílé. Bo kò dárí jì wọ́n títí ó fi kú.

Ẹ wo ohun tí òfin yẹn ṣe fún àwọn ọmọ tó wà ní Michigan láàárín 1972 sí 1974. Wọ́n borí nínú ìdíje 30, wọ́n pàdánù 2 péré, wọ́n ta ọ̀mì 1. Ohio State ló ni àwọn 2 tí wọ́n pàdánù àti ọ̀mì 1 náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn kò gbá ìdíje ìparí sáà kankan ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrora yẹn kò ṣẹ̀yìn òfin. Líìgì náà yí òfin ọ̀hún padà ní 1975, ṣùgbọ́n àwọn tó jìyà rẹ̀ ti di bàbá, wọ́n sì ti sọ fún ọmọ.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ṣí

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Hayes ní ìparí 1978 nígbà tó gbá ọmọ ikọ̀ Clemson kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba àkókò. Ní ìgbà John Cooper, láti 1988 dé 2000, Ohio State ní àwọn ọmọ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n borí Michigan nínú mẹ́tàlá. Wọ́n lé e. Jim Tressel tó gba iṣẹ́ náà yí i padà bìrí.

Ọdún 2006 kò ṣeé fò. Ohio State ni wọ́n tò sí ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè, Michigan sì ni ìkejì. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo ìtàn wọn. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, Bo Schembechler kú. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà lọ́jọ́ kejì ní Columbus, àwọn èrò tó ti bú u fún ọgbọ̀n ọdún sì dákẹ́ láti bu ọlá fún un. Ohio State borí, 42 sí 39.

Láti 2012 títí dé 2019, Michigan kò borí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2021 ni wọ́n tó já ìdè náà, 42 sí 27, nínú òjò yìnyín. Ní 2022 ni ọ̀rọ̀ wá kan ilé wa. Ẹni tó dúró sí àárín gbùngbùn ìlà iwájú Michigan lọ́dún náà ni Olusegun Oluwatimi, orúkọ tí kò nílò àlàyé kankan fún wa. Ipò tó ń gbá ni wọ́n ń pè ní center. Òun ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fún ẹni tó ń darí eré, lójú ẹsẹ̀ ni yóò sì dojú kọ ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn géńdé alátakò, kí ó tì wọ́n kúrò lọ́nà. Kò sẹ́ni tó ń kọrin fún ẹni tó bá wà nípò yẹn, torí kì í gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọṣẹ́, kò sí eré. Lọ́jọ́ náà ní Columbus, Michigan ń sá wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́nà 75 yáàdì, lẹ́ẹ̀kejì 85 yáàdì, gba ọ̀nà tí Oluwatimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀. Èsì jẹ́ 45 sí 23, ìgbà àkọ́kọ́ tí Michigan borí ní Columbus láti 2000. Lọ́dún náà, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ Rimington gẹ́gẹ́ bí center tó dára jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún fún un ní ti Outland. Ikọ̀ Seattle mú un wọ NFL ní 2023. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Michigan tún borí ní 2023, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́yìn rẹ̀. Sáà náà ní awuyewuye tirẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ikọ̀ náà pé ó ń rán èèyàn lọ wo àmì ọwọ́ tí àwọn alátakò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí Jim Harbaugh, kóòṣì wọn, má dé ẹ̀gbẹ́ pápá nínú ìdíje mẹ́ta tó kẹ́yìn sáà, títí kan ti Ohio State. Ẹ bá ará Columbus sọ ọ́, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọdún 2024 ni ó yẹ kí a fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ mi wò. Láti sáà yẹn, ikọ̀ méjìlá ni wọ́n ń mú láti du ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá pàdánù ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣì lè wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé adùn ìdíje yìí ti tán nìyẹn, torí kò pinnu nǹkan kan mọ́. Ohio State wà ní ipò kejì lórílẹ̀-èdè. Michigan ti pàdánù márùn-ún lọ́dún náà, kò sì sẹ́ni tó fi ọkàn sí i pé wọ́n lè ṣe ohunkóhun. Michigan borí ní Columbus, 13 sí 10, pẹ̀lú àmì 3 tí wọ́n gbá wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45. Àwọn ọmọ Michigan fẹ́ ri àsíá wọn mọ́ àárín pápá, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì fín ata sí wọn lójú. Líìgì bu owó ìtanràn $100,000 lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pariwo kí wọ́n lé Ryan Day, kóòṣì Ohio State.

Láàárín oṣù méjì tó tẹ̀lé e, Ohio State na Tennessee, ó na Oregon, ó na Texas, ó sì na Notre Dame ní 34 sí 23 láti gba ife-ẹ̀yẹ. Bí òfin bá ṣì rí bíi tàtẹ̀yìnwá ni, ìdíje Michigan yẹn ì bá ti parí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣé ayọ̀ ife-ẹ̀yẹ náà pa ìrora oṣù Kọkànlá rẹ́? Kò pa á rẹ́. Òfin ló kọ́kọ́ sọ ọjọ́ kan di ohun tó tó báyìí. Nígbà tí wọ́n mú òfin kúrò, ọjọ́ náà kò kéré sí i. Ó ti wọ inú ìdílé, ó ti di ohun tí ọmọ ń jogún, kò sì nílò ife-ẹ̀yẹ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ kó tó níyì.

Ẹ óò rí i bí ẹ bá wà ní Columbus lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n á fi téèpù pupa fa àmì ìsọdá sórí gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó inú yunifásítì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ kò sí lórí pápá: láti 1982, àwọn yunifásítì méjèèjì ń díje lórí ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jù fún àwọn aláìsàn kí ọjọ́ bọ́ọ̀lù tó pé. Ìkórìíra wọn ń gba ẹ̀mí là ní ilé ìwòsàn.

Ó ku ohun kan tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú: ìgbà mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti borí? Ẹ lè rí oríṣi iye méjì, kò sì sí irọ́ nínú méjèèjì. Ní 2010, Ohio State na Michigan ní 37 sí 7. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé àwọn kan nínú agbábọ́ọ̀lù Ohio State ti ta ohun tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, wọ́n sì fi gba owó àti fínfín ara. Ṣòkòtò wúrà wà lára ohun tí wọ́n tà. Òfin ìgbà náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì pa gbogbo ohun tí Ohio State borí lọ́dún náà rẹ́ kúrò nínú ìwé. Tressel fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí Ohio State borí ní Ann Arbor ní 2025 pẹ̀lú 27 sí 9, ìwé sọ pé Michigan ti borí nínú 62, Ohio State nínú 52, ọ̀mì sì jẹ́ 6. Ará Columbus yóò sọ fún yín pé 53 ni tiwọn, torí ojú wọn ló ṣe.